Bí Alfred Oyèkúnlé Ṣe Jọba Ẹ̀bẹ̀ ní Ìdàkejì

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ayétòrò lọ sí Afon, ẹ ó rí àtíbàbà kan lápá òsì tí wọ́n fi páànù ògbólógbòó bò. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí Alfred Oyèkúnlé fi ń lọ ẹ̀gẹ́ wà. Bí ẹ bá bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó dé fìlà tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ, tí omi ẹ̀gẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn lápá, òun náà nìyẹn. Ẹ kí i dáadáa o. Ó ti jọba rí. Kì í ṣe ọba Ayétòrò, ẹ má tì mí sí wàhálà. Ọba Ìdàkejì ni.

Ìdàkejì yìí, ìlú àwọn tó ti ayé mìíràn wá ni. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní irọ́ ni mò ń pa. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, títí mo fi débẹ̀ tí mo jẹ láfún wọn. Ayé tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa bí yàrá méjì tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín. Ògiri náà lanu lọ́jọ́ kan, wọ́n gba ibẹ̀ jáde sínú oko ẹ̀gẹ́. Ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n lójú, wọ́n nímú, wọ́n sì fẹ́ràn ata. Òjìji wọn nìkan lẹ fi lè dá wọn mọ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀, òjìji á kọ́kọ́ dúró díẹ̀ ná, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ, kó tó wá máa tẹ̀lé wọn.

Ìyàlẹ́nu kì í pẹ́ lójú àwa ará ibí. Ẹ̀bá ààlà ni wọ́n bí wa sí. Ẹni tó bá yọ sí wa láti inú igbó, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé kí ló rù. Nítorí náà, nígbà tí ariwo ta pé ayé kejì ti ṣí, tí èrò ti ń tú jáde, kò sẹ́ni tó sá ní Ayétòrò. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn, wọ́n lọ wò ó bóyá ìrẹsì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù náà dé, wọ́n tú ẹrù àwọn àlejò palẹ̀, wọn kò rí ìrẹsì, wọn kò rí òróró, wọ́n sì bínú lọ. Obìnrin kan tó ń ná ọjà Owódé bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn ní èdè Faransé, torí pé ní tirẹ̀, ẹni tí kò bá ti gbọ́ Yorùbá, Kútọnu ló ti wá, ọ̀rọ̀ parí. Bí àwa ṣe pàdé ayé kejì nìyẹn. Ojú ò tiẹ̀ tì wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Alfred. Oyèkúnlé ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n oyè kan ṣoṣo kò yà sílé rẹ̀ rí. Ó du Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Ó du alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Àwọn mẹ́ta péré ló wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún, àwọn méjì yòókù sì gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí báyìí, á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ò rí i pé mo gbìyànjú," ni á wí. "Èmi nìkan ló dìbò fún ara mi, mo sì dì í tọkàntọkàn." Láyé ìgbà yẹn kì í rẹ́rìn-ín o. Bí ẹ bá pè é ní Alfred lásán láìfi Bàbá sí i, ẹ̀gẹ́ yín á sùn níwájú ẹ̀rọ mọ́jú.

Ìyá Alfred ti kú. Kó tó kú, ó pe ẹbí jọ, ó ní oko òun tó wà lẹ́bàá odò, Ọdúnayọ̀ ni òun fún. Ọdúnayọ̀ ni àbúrò Alfred obìnrin, Ìlaró ni ilé ọkọ rẹ̀. Alfred kò rojọ́, òun ló kúkú jogún oko bàbá wọn. Ọdúnayọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá òun gbin nǹkan díẹ̀díẹ̀ sí oko náà kí igbó má baà gbà á, títí òun yóò fi padà wá kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn tí ìyá wọn gbìn. Alfred ní kò sí wàhálà.

Inú oko yìí ló wà tó ń wa ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án gangan tí afẹ́fẹ́ fi ya níwájú rẹ̀ bí aṣọ, tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n pọn ọmọ, wọ́n ru ẹní, eruku bò wọ́n dé ìpéǹpéjú. Ẹ̀rù ba Alfred débi pé ó gbàgbé gbogbo Sáàmù tó mọ̀ lórí. Ohun kan ṣoṣo tó rántí ni èyí tí ìyá rẹ̀ fi pàṣán kọ́ ọ: a kì í bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀ kó tó mumi. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀, ó bu omi fún ìyá àgbà tó ṣíwájú wọn. Ìyá náà mu, ó gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé e, wọ́n mu ún títí kan ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn kúnlẹ̀ fún un.

Ìgbà tí wọ́n kọ́ Yorùbá díẹ̀ lórí rédíò ni ọ̀rọ̀ tó yé ara. Lófin tiwọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ fún àwọn lómi lórí ilẹ̀ rẹ̀, òun ni olórí àwọn. Ìyá àgbà yẹn ló ṣàlàyé fún un. Orúkọ tí wọ́n sọ ìyá náà ní ayé tiwọn, ahọ́n wa kò lè yí i, ó wá mú èyí tó gùn jù tó rí lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì: Ìtẹ́olúwakìíṣí. Màmá Ìtẹ́ ni à ń pè é. Màmá Ìtẹ́ wo ojú Alfred, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ nilẹ̀ yìí, àbí?"

Ẹ wò ó, gbólóhùn kan lásán ló yẹ kó fi sọ pé àbúrò òun ló ni ín. Ṣùgbọ́n oyè ń bẹ níwájú rẹ̀, ó ń tàn yanran, ó sì ti pẹ́ tí ebi oyè ti ń pa ọkùnrin yìí. Alfred fọwọ́ lu àyà. Ó ní, "Èmi náà ni. Látọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá mi."

Báyìí ló ṣe di ọba. Ó lọ ra fìlà yẹn, kò tiẹ̀ dán an wò lórí. Ó ra ìlẹ̀kẹ̀. Ó sọ fún Husain ọlọ́kadà pé láti òní lọ Kábíyèsí ni kó máa pe òun, Husain ní, "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sún síwájú, àpò ẹ̀gẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn yín." Báyìí ni òun àti àpò ẹ̀gẹ́ jọ wọ ìlú rẹ̀ ní ọjọ́ ìwúyè.

Ó jókòó sórí àga, ó ń retí kí wọ́n máa gbé iṣu àti àkùkọ wá. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní òrùlé òun ń jò. Alfred wú ikọ́, ó ní òun yóò gbé ìgbìmọ̀ dìde. Gbogbo wọn ń wò ó. Màmá Ìtẹ́ tẹ̀ sí i létí: "Bàbá, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi."

"Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo kọ́ ilé fún un ni?"

"Ẹ̀yin kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lọba."

Ìgbà náà ni Màmá Ìtẹ́ sọ ìtàn ìlú tí wọ́n ti wá fún un. Ìlú ńlá ni, ògiri ìdídò kan tí wọ́n fi sé odò ló sì gbé gbogbo omi rẹ̀ ró. Ara ìdídò náà sán díẹ̀, ojú sísán ọ̀hún kò ju fọ́nrán irun lọ. Bíríkìlà ní ẹlẹ́rù tó kó yanrìn wá ni. Ẹlẹ́rù ní olóyè ni. Olóyè ní àwọn tó ṣáájú òun ni, àwọn tó ṣáájú sì ti kú. Nígbà tí kò sí ẹni tó ni ẹ̀bi, kò sí ẹni tó ni àtúnṣe. Wọ́n ń jiyàn lọ́wọ́ ni omi fi dé. Àwọn tó bọ́ nínú rẹ̀ búra pé láéláé, ẹ̀bi kò ní ṣàìní ẹni tó ni ín mọ́ nílùú àwọn. Ọba ni yóò máa gbà á. Bí ọba bá ti gbà á, ẹnu á pa mọ́, ọwọ́ á sì ya iṣẹ́.

Alfred rò ó wò. Ó ti sọ fún gbogbo Ayétòrò pé òun jọba. Kò ṣeé padà lẹ́yìn. Ó kọjú sí obìnrin náà, ó pọ̀ ọ́ jáde bí ẹni ń pọ̀ egungun ẹja: "Ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi." Kí ó tó sọ ọ́ tán, àwọn ọkùnrin ti dìde, wọ́n ti gbé àkàbà, wọ́n ti wà lórí ilé obìnrin náà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ jẹ ẹ̀wù ẹnìkan, Alfred ló jẹ̀bi. Ọbẹ̀ jóná, Alfred ni. Tọkọtaya jà, àwọn méjèèjì á wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á bẹ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, inú ń bí i débi pé ó máa ń lọ bú ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kí ara lè tù ú. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára. Ó wá mọ ọ̀nà tí à á gbà rẹ ohùn sílẹ̀, tí à á sì fọwọ́ lé àyà. Àwa ará Ayétòrò pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀. Opó kan lọ jókòó níwájú rẹ̀, ó ní ọkọ òun ń lu òun títí ọjọ́ ikú ọkọ náà, kò bẹ òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alfred ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Èmi ni mo jẹ̀bi." Opó náà sunkún títí dìrọ̀lẹ́, ó sì lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Wọ́n tún ní àjọ̀dún kan tí kálukú ti máa ń sọ ìwà òmùgọ̀ tó tóbi jù tí òun fọwọ́ ara òun hù. Ẹni tí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín jù ló ń gbé iṣu lọ. Ibẹ̀ ni Alfred ti kọ́kọ́ sọ ìtàn ìbò ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Ó gba iṣu. Àwa ará Yewa, ẹ mọ̀ wá, bó bá di ká fi ẹlòmíràn ṣẹ̀fẹ̀, kò sí ìlú tó lè bá wa dọ́gba. Ṣùgbọ́n ká fi ara wa ṣe é? Àwa tí a lọ wòran wọn lọ́jọ́ náà, ìlú wọn la fi rẹ́rìn-ín délé.

Ó dùn mọ́ Alfred. Ìlú ń gbilẹ̀ yí igi ọsàn ká, ó sì ti fẹ́ràn àwọn ènìyàn náà dénú. Kó tó sùn, ó máa ń rántí Ọdúnayọ̀, á wá yíra padà.

Ní ọdún kẹta, nígbà tó ku díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀, ni Ọdúnayọ̀ dé. Ọkọ rẹ̀ ti kú ní Ìlaró, àwọn ẹbí ọkọ sì ti ń lé e jáde nílé. Ó gbé báàgì kan, ó ní òun ń lọ wo ibi tí òun máa kọ́lé sí. Ó ti gbọ́ pé àlejò dé, kò mọ̀ pé inú oko òun ni wọ́n wà; ìlú ló bá níbẹ̀. Wọ́n ń sá aṣọ sórí ẹ̀ka igi ọsàn ìyá rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn èrò pé ta ló fún wọn nílẹ̀, wọ́n fi ayọ̀ nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó pẹ̀lú fìlà lórí.

Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò níbòmíràn tí mo lè lọ. Kí òjò tó dé, kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ mi." Ó yíjú padà, ó lọ sílé bàbá wọn ní Ayétòrò. Bẹ́ẹ̀, ẹnu ògiri tí àwọn ènìyàn yìí gbà jáde ti pa dé tipẹ́. Bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, ojú pópó ni.

Alfred tẹ̀lé e lọ sílé. Ṣebí ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń lọ bẹ̀bẹ̀, kí ló kù? Ó fọwọ́ lé àyà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má bínú, Ọdúnayọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ọdúnayọ̀ wò ó. "Ẹ̀gbọ́n, mo dé oko bá yín tí ẹ ń fi ohùn yìí kan náà bẹ ẹnìkan tí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀wù rẹ̀. Èmi ńkọ́? Kí lẹ ṣe fún mi?"

Ìbéèrè kékeré nìyẹn. Alfred ní ṣé òun mọ̀ pé Ọdúnayọ̀ yóò tètè padà ni. Ó ní ìyá wọn ò sọ̀rọ̀ sókè dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó ní àwọn àlejò ni kò béèrè ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tó fi máa sọ̀rọ̀ tán, ó ti dá òkú lẹ́bi, ó ti dá àlejò lẹ́bi, ó ti dá oòrùn ọ̀sán lẹ́bi, Alfred nìkan ló kù tó mọ́. Ọdúnayọ̀ dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó padà sí Ìdàkejì. Kò jẹun. Nígbà tí Màmá Ìtẹ́ bi í ní ohun tó ṣe é, ó sọ ọ́, ojú ilẹ̀ ló ń wò: ilẹ̀ kì í ṣe tòun, òun purọ́. Màmá Ìtẹ́ ní, "Bàbá, ẹ̀bi ará ìlú, ti ọba ni. Ẹ̀bi ọba wá ńkọ́?" Kò sọ ìdáhùn rẹ̀, ó ní kí Alfred lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú ti wà lójú ọ̀nà. Husain ló gbé Màmá Ìtẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà, orúnkún ò jẹ́ kí ìyá náà lè rìn. Àwọn yòókù fẹsẹ̀ rìn dé Ayétòrò, Alfred ń sáré tẹ̀lé wọn, ó ń bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Iwájú ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Ọdúnayọ̀ jáde. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ fún un nínú erùpẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, arúgbó, wọ́n ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí òjìji wọn tó wá sùn tì wọ́n.

"Ẹ má bínú, ìyá," Màmá Ìtẹ́ wí, ojú rẹ̀ wà nínú eruku. "Àwa la jẹ̀bi. Àwa la purọ́ gba ilẹ̀ yín."

Ọmọdébìnrin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìdàkejì ni wọ́n bí i sí, kò tilẹ̀ tíì sọ̀rọ̀ já gaara. Òun náà ń wí pé, "Ẹ má bínú. Èmi ni mo zẹ̀bi."

Alfred nìkan ló dúró lórí ìdúró. Ó ń wo ọmọ náà. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti fi ẹnu dídùn bẹ̀ rí, ó wá rí i bó ṣe rí lára ẹni tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ojú tì í, ojú tì í gidigidi, bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ lọ́jà. Ó ṣí fìlà, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò rẹ̀.

"Ọdúnayọ̀, mo mọ̀ pé tìẹ ni. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu màmá ketekete. Oyè ló wù mí. Mo mú ilẹ̀ rẹ, mo fi ra oyè, mi ò sì lè wò ọ́ lójú."

Ọdúnayọ̀ di etí ìró rẹ̀ mú, ó fi nu ojú. "Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò."

"Ó ń dọ̀bálẹ̀ lónìí."

Obìnrin náà wo èrò tó kún iwájú ilé, ó wo oòrùn tó ń ràn lé wọn lórí. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Alfred, pàṣán kan náà ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ó ní, "Ẹ ò tiẹ̀ mumi láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bu omi fún àlejò."

Alfred lọ sí ìdí ìkòkò, ó bu omi. Ife ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kọjú sí Màmá Ìtẹ́, kó tó rántí òfin. Ẹni tó bá fún wọn lómi lórí ilẹ̀ rẹ̀ ni olórí wọn, ilé bàbá àwọn méjèèjì sì nìyí. Gbogbo ìlú ń wò ó. Bó bá gbé e fún wọn, ó lè máa jọba rẹ̀ lọ, ta ni yóò bi í? Fìlà rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó wò ó. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ó dùn ún dé egungun.

Ó na ife sí àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Rárá. Ìwọ ni kó o fún wọn."

Ọdúnayọ̀ ò mọ nǹkan kan. Ó gba ife, ó gbé e fún Màmá Ìtẹ́, ó ń sọ fún un pé kó rọra mu ún. Nígbà tí gbogbo wọn mu tán tí wọ́n sì tún kúnlẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀.

Ìdí igi ọsàn gan-an ni wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sí, bó ṣe fẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí wá. Ìlú ò ṣí lọ síbì kankan. Alfred padà sídìí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, a sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa, torí pé òun ló máa ń ṣáájú wa ṣe é.

Afẹ́fẹ́ òjò àkọ́rọ̀ ló gbé páànù àtíbàbà rẹ̀ lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni, òun náà kúkú jẹ́ ará ìlú. Ó lọ sí Ìdàkejì, ó tò sẹ́yìn àwọn èrò, ó ń fi ẹ̀rín sínú, ó fẹ́ fi àbúrò rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, afẹ́fẹ́ gbé páànù mi lọ."

Ọdúnayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó wò ó lójú.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Èmi ni mo jẹ̀bi."

Alfred la ẹnu láti fèsì. Ẹ̀fẹ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti Ayétòrò, kò rí ọ̀kan mú nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti gbé àkàbà, wọ́n ti ń lọ sídìí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, òun ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.